Ẹ má kíìkì ẹ̀ o: ìsọ̀ Àlàájì tó ń tọ́jú alùpùpù tó bá wọ omi ní Ìgbò-Ọrà

Tó bá jẹ́ ti ọ̀kadà tó wọ omi ni, mẹkáníìkì kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ ní gbogbo Ìbàràpá. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ìgbò-Ọrà, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan tí òun, fọkanáísà kan àti obìnrin kan tó ń ta àmàlà jọ ń pín ibòji rẹ̀. Kò gbé pátákó kankan síta. Ẹ ṣáà béèrè Àlàájì ọlọ́kadà, wọn á mú yín débẹ̀. Òjò ti dé, mo sì ti rí ẹ́ńjìnì tó pọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tún un ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tó bọ́ sómi ló ṣì ní ẹ̀mí lára nígbà tí wọ́n fà á jáde. Wákàtí kìn-ín-ní tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń pa á.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ni mò ń ṣe. Láti gàá dé gàá ni mò ń lọ, lọ́nà Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, mò ń gún màlúù àti ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n ra X-Ranger ti Qlink, 200 cc, alùpùpù gíga tí táyà rẹ̀ ní eyín, tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Ó bá iṣẹ́ mi mu gan-an. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, títí di oṣù Kẹwàá, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀yán kì í ní ìwọ̀n. Láàárọ̀, omi ò ní dé orúnkún yín. Tí òjò bá rọ̀ lápá òkè, kí ẹ tó padà bọ̀ ó ti bo ìbàdí.

Afárá onípákó kan lọ́nà Ìgàngàn ló sọ mí di oníbàárà Àlàájì. Ìṣàn omi ti jẹ ìdí òpó kan lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí bí ẹni tó wà lókè ṣe lè rí i. Bí táyà iwájú ṣe dé àárín, pákó yẹ̀, èmi àti alùpùpù bá wọ omi. Ọlọ́run yọ mí, mi ò farapa. Kúlà mi léfòó, ọmọ Fúlàní kan lúwẹ̀ẹ́ lọ mú un. Àjẹsára ewúrẹ́ tó wá láti Vom, ilé ìwádìí ìlera ẹran ọ̀sìn tó wà ní ìpínlẹ̀ Plateau, ló wà nínú rẹ̀, ọpẹ́ ni pé omi ò wọ ibẹ̀. Alùpùpù ní tirẹ̀ rì pátápátá, orí hándù rẹ̀ nìkan là ń rí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì gbóná nígbà tó wọlé. Ìyẹn burú, torí pé tí ẹ́ńjìnì gbígbóná bá kan omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì lójijì, á sì máa fa omi wọlé gba gbogbo ibi tí àyè bá wà, títí kan rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi ń mí.

Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan la jọ fà á gòkè. Kíá, ọ̀kan nínú wọn ti gùn ún, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé kíìkì. Mo ní kó dúró ná. Mo yọ fóònù mi nínú ọ̀rá tí mo máa ń dì í sí lásìkò òjò, mo pe Àlàájì, tí alágbàtà ẹran kan ní Ìdèrè ti fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ló ti lọgun: “Dókítà, ẹ má kíìkì ẹ̀ o! Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tì í! Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sápò yín.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe là á yé mi lẹ́yìn náà, torí ẹni tó bá mọ ìdí ló lè dá àwọn ọ̀dọ́ tára ń yá dúró létí odò. Písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, máa ń gòkè láti fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ sójú kan kí plọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Omi ò ṣeé fún pọ̀ rárá. Tí omi bá wà lórí písítìnì, tí ẹnì kan wá fi gbogbo agbára rẹ̀ kíìkì, písítìnì á gbéra, á lọ kọlu omi, gbogbo ipá yẹn á sì padà sórí kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kíránkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ kí ẹ má tètè mọ̀. Ẹ́ńjìnì á jí, á kàn máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ nínú, títí tí irin yẹn á fi já lọ́jọ́ kan tí á sì fọ́ ara ẹ́ńjìnì. Títì pẹ̀lú jíà tún burú ju kíìkì lọ, torí ìwúwo alùpùpù àti ipá gbogbo ẹni tó ń tì í ni ẹ fi ń gbá písítìnì yẹn mọ́ omi.

Mo ti rí èyí tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Boxer tí àbúrò mi fi ń lọ sóko bọ́ sódò, mi ò sí nílé nígbà náà. Ìsọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì tì í pẹ̀lú jíà kejì títí tó fi jí. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n gbowó, àbúrò mi gùn ún lọ. Kò pẹ́ tí kọ́nrọ́ọ̀dù fi já lọ́nà Èrúwà. Ìgbà tí wọ́n tú u ni wọ́n rí i pé ọ́ìlì tó ti bá omi pò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ló ṣì wà nínú rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ dà á nù. Títí di òní, ó ń dùn mí. Ọ́ìlì kan ṣoṣo ni wọn ò lè rà fún ẹ́ńjìnì tí ọmọ ọlọ́mọ fi ń jẹun.

Lórí fóònù yẹn, Àlàájì ò pè mí wá sí ìsọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní ká ṣe ohun tó yẹ létí omi níbẹ̀. Ó ní kí n ti táàpù epo. Ó ní kí n tú wáyà bátìrì, ẹsẹ̀ tó lọ sára irin ni kí n kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn náà, ó ní ká gbé táyà iwájú sókè, kí alùpùpù fi táyà ẹ̀yìn dúró. A gbé e bẹ́ẹ̀, omi sì ń tú jáde lẹ́nu sailẹ́ńsà bí ẹni pé kò ní tán. Ó bi mí bóyá mo ní sípánà plọ́ọ̀gì. Mo ní in, nínú àpò tó wà lábẹ́ ìjókòó. Ó ní kí n yọ plọ́ọ̀gì, kí n dẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi orí písítìnì lè rọra jáde lójú ihò yẹn, kí n wá fi àkísà tó mọ́ dí i. Ó ní a ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan kíìkì àfi tí òun bá wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu ló bá wa gbé e dé Ìgbò-Ọrà, lórí ìdúró, pẹ̀lú okùn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ní ìsọ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀. Kò sáré bá ẹ́ńjìnì. Ilé fílítà afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí. Fóòmù inú rẹ̀ rin gbingbin, yanrìn wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa yanrìn yẹn lójú mi, ó ní: “Dókítà, èyí léwu ju omi lọ.” Omi á gbẹ, ṣùgbọ́n tí yanrìn bá dé ara sílíńdà, ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, gbogbo ìgbà tí písítìnì bá lọ tó sì bọ̀ ni á máa ha á, tí rìǹgì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, ò sì ní lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́. Torí náà ó fọ fóòmù yẹn nínú kẹrosíìnì, ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e, ó fún un láìlọ́ ọ, ó sì sá a. Tó bá jẹ́ fílítà oníwèé ni, ó ní òun kì í fọ̀ ọ́, tuntun lòun máa ń ní kí wọ́n rà. Ó fi àkísà nu ọ̀nà afẹ́fẹ́ látòkè dé ẹnu kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, kó tó jẹ́ kí ohunkóhun yí nínú ẹ́ńjìnì.

Kábúrétọ̀ ló kàn. Ó tú ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú àwo funfun kan. Epo wà lókè, omi jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri bí mo ṣe ń mi àwo náà. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò máa wà nígbà gbogbo, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni jẹ́ẹ̀tì, ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá, ti ń fa epo. Àwọn mẹkáníìkì míì á fi wáyà gún ojú jẹ́ẹ̀tì. Àlàájì kì í gún un, ó ní wáyà máa ń fẹ ojú ihò náà tí alùpùpù á sì máa mu epo. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló gbé e lọ, wọ́n fi afẹ́fẹ́ fọn ihò kọ̀ọ̀kan. Ó sì da gbogbo epo táǹkì mi sínú ìgò kí n lè fojú ara mi rí omi tó wà nísàlẹ̀ kó tó dà á nù. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kò ní kí n gba òun gbọ́ láìríran.

Ọ́ìlì ni iṣẹ́ náà wà. Ó tú bóòtù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì sórí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lágbede méjì. Omi ló kọ́kọ́ jáde, omi lásán, pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tó dà bí ògì tí wọ́n bu wàrà sí bẹ̀rẹ̀ sí í fà jáde, ó nípọn, ó funfun, kò ní àwọ̀ ọ́ìlì mọ́. Ọ́ìlì tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ò lè bo irin mọ́. Bẹ́ríìnì àti kíránkì á máa ha ara wọn ní gbígbẹ. Ó fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa kán fún ìgbà pípẹ́. Ó yọ àsẹ́ ọ́ìlì, ó fọ̀ ọ́. Ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì tó ń pèsè iná fún alùpùpù wà, omi wà níbẹ̀ náà, ó nù ún, ó fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́.

Ó wá da dísẹ̀lì díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì, ó kán ọ́ìlì tuntun ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan sójú ihò plọ́ọ̀gì kí ara sílíńdà má bàa dógùn-ún, ó sì fi ọwọ́ tẹ kíìkì, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, láìsí plọ́ọ̀gì, láìsí kọ́kọ́rọ́. Omi tó kù fọ́n jáde lójú ihò náà bí ìkùukùu. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí tí afẹ́fẹ́ nìkan fi ń jáde. Dísẹ̀lì yìí, kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì jí pẹ̀lú rẹ̀. Fífọ̀ ló fi ń fọ̀, ó sì dà á nù. Lẹ́yìn èyí ló tó da ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú sí i, ó fi plọ́ọ̀gì tuntun sí i, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kíìkì.

Ó jí. Èéfín funfun bo gbogbo abẹ́ máńgòrò, oníàmàlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, ṣùgbọ́n omi tó kù nínú sailẹ́ńsà ló ń hó. Ó jẹ́ kó ró díẹ̀ láìfún un ní iná púpọ̀, ó pa á, ó tún da ọ́ìlì náà nù. Ó ṣì funfun. Ó tún da òmíràn sí i. Èyí tó jáde lẹ́ẹ̀kejì ti pọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò mọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn olówó ẹran ń pè mí, mo ní, “Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n máa lọ bẹ́ẹ̀, èyí ti tó.” Ó ní, “Kò tó, Dókítà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo tún un ṣe.” Mo jókòó. Ọ́ìlì ẹ̀kẹta ló jáde tó mọ́ kedere, ìgbà yẹn ló tó da ojúlówó ọ́ìlì 20W-50 sí i. Ó ní kí n padà wá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí pé ooru ìrìn ló ń lé ọ̀rinrin tó sá pamọ́ jáde.

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ń bá ìyókù lọ ní gbogbo àkókò yìí: wọ́n yọ táyà méjèèjì, wọ́n nu inú ilé bíréèkì, wọ́n fi gírísì tuntun sí bẹ́ríìnì táyà àti ti ọrùn hándù, wọ́n fi ọ́ìlì pa ṣéènì. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé bẹ́ríìnì ọrùn, kó tó di ọdún tó ń bọ̀ hándù rẹ̀ á ti máa le.

Owó iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦18,000, yàtọ̀ sí owó ọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì. Àwọn kan á ní ó wọ́n, torí ìsọ̀ míì á gba ìdajì rẹ̀ láti kàn jẹ́ kó jí. Lójú tèmi kò wọ́n rárá. Ẹ fi wé iye tí písítìnì, rìǹgì, kọ́nrọ́ọ̀dù àti owó àtitú ẹ́ńjìnì jẹ́, ẹ ó rí i. Ohun kan tó tún jẹ́ kí n fọkàn tán an ni pé kì í ta ọ́ìlì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ rà á, á wá yẹ ìdérí rẹ̀ wò dáadáa kó tó ṣí i, torí ayédèrú ọ́ìlì ti pọ̀ lọ́jà jù. Ẹni tí kò jèrè lórí ọ́ìlì tó sì ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tiyín ló ń rò.

Àbùkù rẹ̀ wà, mi ò ní fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ iná ò yé e tó. Ó gbẹ àwọn ojú ìsopọ̀ wáyà, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ họ́ọ̀nù mi dákẹ́, iná ẹ̀yìn sì ń tàn tó ń kú. Rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, ló bá mi tú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fọ ohun tó ti ń dógùn-ún nínú wọn. Tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ Àlàájì, ẹ gba ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ má dúró dìgbà tí iná á kú mọ́ yín lóru. Ohun kejì ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àkókò sọ fún oníbàárà. “Ó kù díẹ̀” rẹ̀ lè gba ọ̀sán kan gbáko. Kì í fọwọ́ méjì ṣiṣẹ́: tó bá ti tú ẹ́ńjìnì kan, ẹlòmíràn á dúró. Mo gbà pé ara ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìrìn àjò lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀. Kì í sì kọ rìsíìtì.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, wọ́n gbé Yamaha DT kan dé, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń lo ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ epo. Ìyẹn ò ní ọ́ìlì lábẹ́ kíránkì bíi tèmi, inú ilé kíránkì gan-an sì ni omi máa ń jókòó sí. Àlàájì ní kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, táyà méjèèjì lókè, plọ́ọ̀gì ti kúrò, ó sì ń fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn nínú jíà kí omi lè máa dà jáde. Mo mẹ́nu bà á kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lè mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í fi ọ̀nà kan náà tọ́jú gbogbo ẹ́ńjìnì.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ra ọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì dání. Ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń ti ìsọ̀ lọ kírun Jímọ̀, kì í sì í tètè padà. Ẹ má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kejì lọ kí ẹ tó gbé e débẹ̀, àgàgà tí ẹ ò bá lè kán ọ́ìlì sójú ihò plọ́ọ̀gì létí omi, torí ara sílíńdà kì í pẹ́ dógùn-ún. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, Àlàájì á kọ́kọ́ sọ fún un pé rìǹgì lè ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, pé òun á ní láti tú orí ẹ́ńjìnì wò, á sì sọ iye tí ìyẹn jẹ́ kó tó fọwọ́ kan sípánà.